Bí àìsàn fáírọ́ọ̀sì bá mú ìyá ọlọ́mọ, kí ló ń bá wàrà ọmú dé ẹnu ọmọ?

Ìyá ọlọ́mọ ń wúkọ́, imú rẹ̀ ń ṣomi, ara rẹ̀ gbóná. Ọmọ oṣù mẹ́ta ń sunkún ọmú. Ẹnì kan nínú ilé ní kó má ṣe gbé e sáyà rárá, pé ọmọ máa mu àìsàn mọ́ ọmú. Ẹlòmíràn ní kó tètè fún un, pé ọmú ìyá tó ń ṣàìsàn gan-an ni oògùn. Ìyá wà láàárín àwọn méjèèjì, orí ń fọ́ ọ, kò mọ èyí tí ì bá gbọ́.

Láti ìgbà tí àrùn Kòrónà ti dé ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá lọ́jú pọ̀ sí i. Ìròyìn jáde pé àwọn onímọ̀ rí áńtíbọ́dì, ìyẹn ohun ìjà tí ara fi ń bá àrùn jà, nínú wàrà àwọn ìyá tí àrùn náà ti ṣe rí, kálukú sì túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe yé e. Àwọn kan ní ọmọ tó ń mu ọmú kò nílò àjẹsára mọ́. Àwọn kan ń béèrè bóyá àgbàlagbà náà lè mu wàrà ọmú kó fi dènà àrùn. Àwọn ìyá kan sì gba ọmú lẹ́nu ọmọ nítorí ìbẹ̀rù. Àwọn tó kẹ́yìn yìí ló ń ká mi lára jù, torí pé àsìkò tí ọmọ nílò ọmú jù ni wọ́n máa ń gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an nìyí: nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àìsàn fáírọ́ọ̀sì, èémí, itọ́ àti ọwọ́ ìyá ni àìsàn ń gbà dé ara ọmọ. Ọ̀nà ọmú ni ààbò ń gbà. Ṣùgbọ́n ààbò náà ní ibi tó mọ, àwọn àìsàn díẹ̀ sì wà tí ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. A máa dé orí gbogbo rẹ̀.

Kí ni áńtíbọ́dì?

Ẹ jẹ́ ká ti ara fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó wà lára àwọn kòkòrò àrùn tó kéré jù lọ, kò sì lè dá bí sí i. Àfi kó ráyè wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹyọ tíntìntín tí gbogbo ara wa pín sí, kó wá fi ohun èlò inú sẹ́ẹ̀lì náà bí ara rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Kó tó lè wọlé, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di sẹ́ẹ̀lì náà mú. Púrótéènì tó yọ síta lára rẹ̀ ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Áńtíbọ́dì náà jẹ́ púrótéènì, ṣùgbọ́n ara tiwa ló ń ṣe é. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì B ló ń mú un jáde. Ó rí bíi lẹ́tà Y, orí méjèèjì tó là sókè yẹn ló sì fi ń lẹ̀ mọ́ ara fáírọ́ọ̀sì. Bó bá ti lẹ̀ mọ́ ibi tí fáírọ́ọ̀sì fi ń di sẹ́ẹ̀lì mú, fáírọ́ọ̀sì náà kò rí nǹkan dì mú mọ́, kò sì lè wọlé.

Ohun kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé, torí òun ló máa jẹ́ kí ìyókù yé wa: nǹkan kan ṣoṣo ni áńtíbọ́dì kọ̀ọ̀kan mọ̀. Èyí tí ara ṣe fún fúlúù kò mọ èéyi. Èyí tó mọ èéyi kò mọ Kòrónà. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní wàrà ìyá kan ní áńtíbọ́dì, ìbéèrè tó yẹ ká bi í ni pé: áńtíbọ́dì sí àrùn wo?

Oríṣi áńtíbọ́dì pọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́ta ló kàn wá lónìí. IgM ló máa ń kọ́kọ́ jáde bí àrùn tuntun bá dé. IgG ló pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì máa ń pẹ́. IgA ló ń ṣọ́ gbogbo ibi tó tutù lára wa tí àrùn ń gbà wọlé: ojú, imú, ẹnu, ọ̀nà ọ̀fun, ẹ̀dọ̀fóró àti ìfun. Òun náà ló pọ̀ jù nínú wàrà ọmú.

Ọ̀nà méjì ni áńtíbọ́dì ìyá ń gbà dé ara ọmọ

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ṣí kí wọ́n tó bí ọmọ. IgG inú ẹ̀jẹ̀ ìyá máa ń gba inú ibi ọmọ kọjá lọ sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn oyún ni èyí tó pọ̀ jù máa ń kọjá, ìdí nìyẹn tí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé fi máa ń wáyé pẹ̀lú ààbò tó kéré. Èyí tó bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ máa ń ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan, á wá máa dín kù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tán. Ó máa ń lágbára débi pé ó lè dí àjẹsára èéyi lọ́wọ́ bí wọ́n bá tètè fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ náà jù. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n máa dúró kí ọmọ pé oṣù 9 tàbí oṣù 12 nìyẹn.

Ọ̀nà kejì ṣí lẹ́yìn ìbí, ọmú sì ni. Nínú gbogbo áńtíbọ́dì tó wà nínú wàrà ènìyàn, nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ IgA. Wàrà àkọ́kọ́, èyí tó ki, tó sì máa ń pọ́n díẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìbí, ló ní in jù: ó lè tó gíráàmù 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú lítà kan. Tí wàrà bá ti wá ń ya dáadáa, iye náà á já sí nǹkan bíi gíráàmù kan nínú lítà kan tàbí kó dín díẹ̀. Kì í ṣe pé ọmú ti di aláìwúlò o. Wàrà tí ọmọ ń mu ti pọ̀ sí i, nítorí náà ọmọ ṣì ń rí nǹkan bí ìdajì gíráàmù IgA gbà lójoojúmọ́.

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti fura sí ọ̀nà kejì yìí. Ní ọdún 1892, Paul Ehrlich, oníṣègùn ará Jámánì, fi eku dán an wò. Ó mú àwọn eku tí ara wọn ti mọ bí wọ́n ṣe ń borí oró kan láti ara ewéko, ó sì gbé ọmọ àwọn eku tí ara wọn kò mọ̀ ọ́n fún wọn kí wọ́n fún un lọ́mú. Àwọn ọmọ tí wọn kò jogún ààbò kankan nínú oyún bẹ̀rẹ̀ sí í ní in láti inú ọmú.

Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í ṣe eku, kì í sì í ṣe màlúù. Ọmọ màlúù kì í rí áńtíbọ́dì gbà nínú oyún, àfi kó mu wàrà àkọ́kọ́ láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn ìbí, kí ìfun rẹ̀ sì gbà á lọ sínú ẹ̀jẹ̀. Ìfun ọmọ ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ gba áńtíbọ́dì inú wàrà sínú ẹ̀jẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ọ̀rọ̀ yìí lóye nìyí: wọ́n rò pé wàrà ń kó áńtíbọ́dì sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ bí abẹ́rẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu, ọ̀fun àti ìfun ni iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Àìsàn wà ní ẹ̀dọ̀fóró, báwo ni ọmú ṣe gbọ́?

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ibí ló máa ń yà mí lẹ́nu jù. Imú àti ẹ̀dọ̀fóró ni fúlúù ti ń bá ìyá jà. Kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru wà nínú ìfun rẹ̀. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó dé ọmú. Síbẹ̀, láàárín ọjọ́ mélòó kan, áńtíbọ́dì tó mọ àìsàn náà gan-an yóò ti wà nínú wàrà.

Ẹ jẹ́ ká tọ ipa rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Lára ògiri ìfun, àti lára ọ̀nà tí èémí ń gbà, àwọn ibùdó kéékèèké wà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì B kóra jọ sí. Bí ìyá bá gbé kòkòrò kan mì tàbí tó fà á símú, díẹ̀ lára kòkòrò náà á bọ́ sọ́wọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀. Nínú ọ̀kẹ́ àìmọye sẹ́ẹ̀lì B, èyí tí áńtíbọ́dì tirẹ̀ bá kòkòrò náà mu ni yóò jí, yóò pín sí méjì, sí mẹ́rin, títí tí yóò fi pọ̀. Lẹ́yìn náà, ó máa fi ibùdó sílẹ̀, á wọ inú ẹ̀jẹ̀, á sì máa rìn káàkiri ara.

Nínú obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́mú, ọmú máa ń tú èròjà kan jáde tó ń fa àwọn sẹ́ẹ̀lì arìnrìn-àjò yìí mọ́ra. CCL28 ni wọ́n ń pè é. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó jí nínú ìfun tàbí ní ọ̀nà èémí ní ohun tó ń gbọ́ ìpè yẹn lára wọn. Wọ́n á yà sínú ọmú, wọ́n á jókòó sẹ́bàá àwọn àpò kéékèèké tí wàrà ti ń jáde, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú IgA jáde níbẹ̀ ní ọ̀sán àti ní òru. Àìsàn kò dé ọmú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti pàdé àìsàn ló wá.

Ní ọdún 1975, àwọn onímọ̀ fi èyí hàn gbangba. Wọ́n fún àwọn aláboyún ní bakitéríà kan mu nígbà tí oyún wọn ti fẹ́ pé, irú èyí tí kì í ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Nígbà tí wọ́n bímọ, wọ́n rí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe áńtíbọ́dì sí bakitéríà yẹn gan-an nínú wàrà àkọ́kọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ wọn kò rí ìyàtọ̀ irú rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ohun tó gba ẹnu wọ ìfun ti jáde lọ́mú.

Ìrìn náà kò tíì parí, torí ẹ̀yìn ògiri ni àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí wà, inú àpò sì ni wàrà wà. Méjì-méjì ni IgA máa ń so pọ̀, orí mẹ́rin dípò méjì, kó lè di fáírọ́ọ̀sì púpọ̀ mú lẹ́ẹ̀kan náà. Sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ ògiri àpò wàrà ní púrótéènì kan lẹ́yìn rẹ̀ tó ń gbá IgA méjì tó so pọ̀ yìí mú, tó sì ń gbé e la inú ara rẹ̀ kọjá dé ìhà kejì. Nígbà tó bá fẹ́ jù ú sínú wàrà, púrótéènì náà á já sí méjì, apá kan rẹ̀ á sì wé mọ́ IgA náà lára títí lọ. Apá tó wé mọ́ ọn yìí ló ń dáàbò bò ó kí omi tó ń da oúnjẹ nínú ikùn ọmọ má baà tètè fà á já. Áńtíbọ́dì inú ẹ̀jẹ̀ kò ní irú ìwérí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lè rí IgA tí kò bàjẹ́ nínú ìgbẹ́ ọmọ tó ń mu ọmú: ó ti rin ìrìn náà láti ẹnu dé òpin.

Nígbà tó bá dé ẹnu ọmọ

Ẹ wo ọmọ tó ń mu ọmú. Wàrà kì í lọ tààrà sínú ikùn. Ó ń bo ahọ́n, ó ń bo àjà ẹnu, ó ń dúró díẹ̀ lọ́nà ọ̀fun, nígbà tí ọmọ bá sì pọ ọ́, ó lè gba imú jáde. Gbogbo ibi tó bá kàn ni IgA máa ń ṣẹ́ kù sí. Bí ìyá bá wá sín sójú ọmọ, tí fáírọ́ọ̀sì bọ́ sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó lè bá áńtíbọ́dì níbẹ̀. Èyí tó bá kọjá lọ sí ìfun á tún bá òmíràn níbẹ̀. IgA á lẹ̀ mọ́ ọn, á so púpọ̀ nínú wọn pọ̀, wọ́n á sì bá ìgbẹ́ jáde.

Ohun tó dára nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kò mú ariwo dání. Bí áńtíbọ́dì inú ẹ̀jẹ̀ bá bá kòkòrò jà, ibẹ̀ lè wú, ara lè gbóná. IgA kì í sábà fa irú wíwú bẹ́ẹ̀, èyí sì ṣe pàtàkì fún ìfun ọmọ tuntun tó ṣì gbẹgẹ́.

IgA kò sì dá wà. Àwọn púrótéènì mìíràn tó ń ba kòkòrò jẹ́, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, àti oríṣi ṣúgà kan tí ọmọ kò lè dà ṣùgbọ́n tó ń bọ́ àwọn bakitéríà rere inú ìfun, gbogbo wọn wà nínú wàrà kan náà. Àpapọ̀ wọn ló jẹ́ kí ìgbẹ́ gbuuru, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró àti etí dídùn kéré láàárín àwọn ọmọ tó ń mu ọmú. Síbẹ̀, ọmọ ọlọ́mú lè ṣàìsàn. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀fìnkìn ìyá mú un. Tó bá mú un, kì í ṣe pé ọmú kùnà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ọmú ló kó o bá a.

Ṣé fáírọ́ọ̀sì kì í bá wàrà wọlé ni?

Ìbéèrè tó dẹ́rù ba àwọn ìyá jù ní ọdún 2020 nìyí. Ní California, ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ wàrà àwọn obìnrin 18 tí àrùn Kòrónà mú wò, ìwọ̀n wàrà 64 lápapọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ti rí àmì fáírọ́ọ̀sì náà. Nígbà tí wọ́n wá gbìyànjú láti mú kó bí sí i, kò bí. Ó yẹ kí èyí yé wa dáadáa: àyẹ̀wò lè rí àfọ́kù fáírọ́ọ̀sì tó ti kú, àfọ́kù kì í sì í fa àìsàn. Kí fáírọ́ọ̀sì tó lè mú ọmọ, ó gbọ́dọ̀ wà ní odindi, kó sì lè bí sí i. Ní ọdún yẹn kan náà, ìwádìí tí onímọ̀ kan, Rebecca Powell, ṣe agbátẹrù rẹ̀ ní New York fi hàn pé wàrà púpọ̀ nínú àwọn ìyá tó ti bọ́ lọ́wọ́ Kòrónà ní IgA tó mọ fáírọ́ọ̀sì náà. Nínú oṣù kẹfà ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní kí ìyá tó ní àrùn Kòrónà máa fún ọmọ lọ́mú lọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀fìnkìn àti fúlúù náà kò yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo fáírọ́ọ̀sì ló rí báyìí, kò sì yẹ kí n fi í pamọ́ fún yín. HIV máa ń gba inú wàrà kọjá sára ọmọ. Bí ìyá bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé tí fáírọ́ọ̀sì inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ débi tí àyẹ̀wò kò rí i mọ́, ewu náà á dín kù púpọ̀púpọ̀, kò ní tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n kò di òdo. Ìlànà orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lórí rẹ̀ yàtọ̀, nítorí náà dókítà ni kí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá jókòó, kó má ṣe dá ìpinnu ṣe nílé. HTLV-1, fáírọ́ọ̀sì mìíràn tó jọ HIV díẹ̀, náà ń gba ọmú kọjá. Ìyá tí Ebola bá mú gbọ́dọ̀ dá ọmú dúró.

Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ìfarakanra ni ewu wọn. Bí egbò herpes, àìsàn fáírọ́ọ̀sì tó ń mú kí ara yọ róro, bá wà lára ọmú kan, ọmọ kò gbọ́dọ̀ mu ọmú yẹn títí egbò á fi san, ṣùgbọ́n ó lè mu èkejì tí kò ní egbò. Bí ṣíkìnpọ́ọ̀sì bá mú ìyá nígbà tó kù díẹ̀ kó bímọ tàbí lẹ́yìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ilé ìwòsàn ló máa sọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Ìyá tó ní hepatitis B, àìsàn fáírọ́ọ̀sì tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, lè fún ọmọ lọ́mú, ìyẹn tí wọ́n bá ti fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára láàárín wákàtí 24 lẹ́yìn ìbí.

Ìgbà wo ni áńtíbọ́dì ń dé inú wàrà, ìgbà wo ló ń tán?

Ọjọ́ tí ara ìyá bá kọ́kọ́ gbóná kọ́ ni áńtíbọ́dì tuntun máa wà nínú wàrà. Bó bá jẹ́ pé àrùn náà kò ṣe é rí, ara nílò nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì láti ṣe èyí tó pọ̀ tó. Bó bá ti ṣe é rí, tàbí tó ti gba àjẹsára rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó rántí rẹ̀ á tètè jí, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n máa fi ṣe é.

Àwọn kan á wá ní: bí áńtíbọ́dì kò bá tíì dé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣé kò ní dáa kí ìyá dá ọmú dúró di ìgbà tó bá dé? Rárá o. Ó ṣeé ṣe kí ìyá ti máa tú fáírọ́ọ̀sì jáde lẹ́nu ní ọjọ́ kan tàbí méjì kó tó mọ̀ pé òun ń ṣàìsàn, nítorí náà fáírọ́ọ̀sì ti lè dé ara ọmọ. Ọmọ tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà kò ní rí áńtíbọ́dì tó ń bọ̀ gbà, kò sì ní rí ti àwọn àrùn mìíràn tó ti wà nínú wàrà tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá sì kọjá tí ọmọ kò mu ún, wàrà lè fà sẹ́yìn.

Bó ṣe máa pẹ́ tó yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá kan sí òmíràn. Lẹ́yìn àrùn Kòrónà, wọ́n ti rí IgA nínú wàrà ọ̀pọ̀ ìyá fún oṣù mẹ́fà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ti ẹnu ọmọ kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó mu láàárọ̀ yìí ń bá ìgbẹ́ lọ. Bí ọmọ bá ṣíwọ́ ọmú, ààbò yìí náà tán.

Ṣé ó lè rọ́pò àjẹsára ọmọ?

Kò lè rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ìyá ń fún lówó lójoojúmọ́ ń jẹun, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìyá bá dáwọ́ dúró, owó tán. Ẹni tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ á máa pa owó fúnra rẹ̀. Áńtíbọ́dì inú wàrà ni owó ojoojúmọ́ yẹn: ara ọmọ kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àjẹsára ló ń kọ́ ara ọmọ níṣẹ́, tí yóò fi mọ bó ṣe máa ṣe tirẹ̀ nígbà tí àrùn bá dé. Ọmọ nílò méjèèjì, pàápàá nítorí pé àwọn àìsàn kan wà tí wọn kì í tíì fún ọmọ tuntun ní àjẹsára wọn. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, fún àpẹẹrẹ, kò lè gba ti fúlúù. Ohun tó bá ti ọ̀dọ̀ ìyá wá nìkan ló ní.

Èyí ló jẹ́ kí àjẹsára ìyá fúnra rẹ̀ ṣe ọmọ láǹfààní. Ní Bangladesh, wọ́n fún àwọn aláboyún kan ní abẹ́rẹ́ fúlúù, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní abẹ́rẹ́ mìíràn. Wàrà àwọn tó gba ti fúlúù ní IgA tó mọ fúlúù ju ti àwọn yòókù lọ, ó kéré tán fún oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìbí. Ní Israel, ní ọdún 2021, ìwádìí lórí ìyá 84 tó gba àjẹsára Kòrónà fi hàn pé ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, IgA wà nínú ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún wàrà tí wọ́n yẹ̀ wò, IgG sì wà nínú ìdá 92. Lẹ́yìn àìsàn fúnra rẹ̀, IgA ló máa ń léwájú nínú wàrà. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tó gba apá wọlé, IgG máa ń ga gan-an. Kò sí ìdí kankan fún ìyá láti máa wá àìsàn kiri kí wàrà rẹ̀ lè ní áńtíbọ́dì.

Àwọ̀ wàrà, àti àgbàlagbà tó fẹ́ mu ún

Àwòrán wàrà tó pọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó funfun máa ń kárí ayé, wọ́n á ní èyí tó pọ́n ni áńtíbọ́dì wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi àwọ̀ ṣe àyẹ̀wò. Oúnjẹ tí ìyá jẹ, ọ̀rá inú wàrà, àti bí ọmú ṣe kún tó, gbogbo rẹ̀ ló ń yí àwọ̀ padà. Ojú lásán kò lè rí áńtíbọ́dì.

Ní ti àgbàlagbà, kò sí ẹ̀rí pé wàrà ọmú ń dènà àrùn fún un. Wàrà tí wọ́n rà lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò mọ̀, tí wọn kò yẹ̀ wò, lè ní kòkòrò àrùn nínú. Ọmọ ni wàrà náà wà fún.

Bí ìyá bá ń ṣàìsàn lọ́wọ́

Kó máa fún ọmọ lọ́mú lọ. Kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó gbé ọmọ, kó fi ìbòmú bo imú àti ẹnu nígbà tó bá ń fún un lọ́mú, kó má ṣe fẹnu ko ọmọ lẹ́nu, kó sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ikọ́ bá fẹ́ gbé e. Bọ́mọ bá ti mu tán, ẹlòmíràn tí ara rẹ̀ yá lè gbà á kí ìyá lè sùn. Kò pọn dandan kó fọ ọmú ní gbogbo ìgbà, àfi tó bá wúkọ́ tàbí tó sín sí i lára.

Bí agbára ìyá kò bá gbé e láti gbé ọmọ sáyà, kó fún wàrà náà sínú ife tó mọ́, kí ẹni tí ara rẹ̀ yá fi ife bu ú fún ọmọ. Wàrà náà ní áńtíbọ́dì kan náà. Kí wọ́n máa fún un jáde ní iye ìgbà tí ọmọ máa ń mu ún, torí bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ nínú ọmú, ọmú á le, á máa dun ìyá, ó sì lè wú kó di àìsàn mìíràn fún ẹni tí àìsàn kan ti dá dùbúlẹ̀.

Kó mu omi dáadáa. Paracetamol àti ibuprofen kò ní pa ọmọ lára bí ìyá bá lò wọ́n níwọ̀n tó yẹ. Kó yẹra fún aspirin. Àwọn oògùn ọ̀fìnkìn tó ní pseudoephedrine nínú lè dín wàrà kù, nítorí náà kó ka ara páálí oògùn tàbí kó béèrè lọ́wọ́ apòògùn kó tó lò ó.

Ọmọ náà ni kí ojú wà lára rẹ̀ jù. Bí kò bá tíì pé oṣù mẹ́ta tí ara rẹ̀ sì gbóná dé ìwọ̀n 38, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kódà bó ṣe lóru. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí èémí rẹ̀ bá ń yára jù, tí àyà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, tí kò mu ọmú mọ́, tí kò tọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tàbí tó ń sùn tí jíjí rẹ̀ sì nira. Kí ìyá bá a lọ, kó sì máa fún un lọ́mú lójú ọ̀nà bó bá lè mu ún.